Epo Ẹ̀kún Ẹnu Kan

Igi tíìkì ló dá mọ́tò náà dúró, kì í ṣe bíréèkì. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìsundunrin kọjá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn yóò rí i níbi tó fi imú gún igi: Pijó pupa kan tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, tí wọ́n kun nọ́ńbà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ wúruwúru sínú koríko. Wọ́n ti gbé ẹni tó wà á lọ sílé ìwòsàn. Irfan lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọmọ Alhaji Mùtàlíbù, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí sí Abíjàn, tí ẹ bá bá a sọ Yorùbá, tí yóò fi Faransé díẹ̀ sí i kó tó dá yín lóhùn. Ẹni tó kù nílẹ̀ tí èrò ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni Matthias mẹkáníìkì. Wọ́n ti ya ẹ̀wù rẹ̀ dé ìdodo.

Insípẹ́kítọ̀ Rùkàyyàt Oyèníran bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, kò tilẹ̀ dúró ti ilẹ̀kùn. Obìnrin tí kì í lè jókòó sójú kan ni. Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ a máa sọ pé bí Insípẹ́kítọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́kọ́rọ́ lu itan, kí oníkálukú yáa wá iṣẹ́ ṣe. Oṣù ààwẹ̀ tún ni, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ń ta, ọ̀fun gbẹ, bẹ́ẹ̀ ló sì ti ń fi kọ́kọ́rọ́ lu itan láti àgọ́ wá.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, òun ni màá mú lọ."

Wọ́n fi í sílẹ̀. Matthias kò sá. Ilẹ̀ ló jókòó sí, tó ń wo abẹ́ mọ́tò náà.

"Ọwọ́ mi ni, mà," ló wí. "Èmi ni mo yan pọ́ǹpù epo yẹn. Wọ́n ní ó kéré, mo ní kò kéré. Ẹ máa mú mi lọ."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ọlọ́pàá wo ni inú rẹ̀ kò ní dùn, bí ọ̀daràn bá ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi í? Inú Rùkàyyàt kò dùn. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó láti mọ̀ pé ẹni tó ṣe ibi kì í sáré gbé e mọ́ra báyẹn.

Alhaji Mùtàlíbù fi ọ̀pá rìn sún mọ́ ọn. Bàbá yìí ti lo ìgbà ayé rẹ̀ lẹ́nu òwò ní Abíjàn kó tó padà wá kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sí Èjìgbò, ó sì mọ bàbá tó bí Rùkàyyàt ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

"Rùkáyà ọmọ mi, gbọ́ ná," ló wí. "Ìdíje ń bọ̀ ní Kútọnu lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀. Òun la ṣe ń to mọ́tò yìí, a sì ń dán an wò láàárọ̀ yìí ni. Ẹ́ńjìnnì ìńjẹ́kítọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kò dà bíi ti kábúrétọ̀ ayé àtijọ́ tí epo kàn ń ṣàn wọ̀ jẹ́jẹ́. Ìńjẹ́kítọ̀ ń fẹ́ epo tí agbára ń tì lẹ́yìn. Pọ́ǹpù tó ń tì í, ìta táńkì ló wà, lójú páìpù gan-an. Òun la jà lé lórí láti oṣù tó kọjá."

"Mo sọ ọ́." Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni Salahudeen. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ẹ̀jẹ̀ Irfan sì wà lápá ẹ̀wù rẹ̀ níbi tó ti bá wọn gbé e. "Gbogbo ayé ló gbọ́ nígbà tí mo sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n de pọ́ǹpù ńlá tí Alhaji gbé bọ̀ láti Abíjàn. Ọmọ mẹkáníìkì yìí lóun ti fi gééjì wọ̀n ọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, wọ́n ní kí n dákẹ́."

Kò sẹ́ni tí kò mọ Salahudeen. Òun ló ń wa mọ́tò eré ìje fún Alhaji ní Abíjàn, tó sì ń gba ife ẹ̀yẹ bọ̀ wálé. Òun ló kọ́ Irfan ní mọ́tò. Tọ́ńtọ́n ni ọmọ náà ń pè é, bí àwọn Faransé ti ń pe àbúrò bàbá. Nínú mọ́sáláṣí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà mẹkáníìkì wọn, òun ló ń pe ìrun.

Rùkàyyàt ní kí wọ́n tú pọ́ǹpù náà wálẹ̀ lára mọ́tò. Ìgbà tí ẹnìkan bá ti di ẹ̀bi kan mú tó báyìí, ó wù ú kó fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀bi ọ̀hún. Ó fi àpò ọ̀rá dì í, ó mú Matthias, wọ́n lọ.

Ní àgọ́, DPO ti pinnu kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán.

"Ẹni tó ti jẹ́wọ́, kí la tún ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀?" ló wí. "Lọ́la láàárọ̀, Òṣogbo. Kó lọ sọ tẹnu rẹ̀ fún adájọ́."

Joanna, ìyàwó Matthias, ti dé síbẹ̀, oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀. Kò sunkún. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Rùkàyyàt, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn ró.

"Insípẹ́kítọ̀ mà, ọkọ mi kì í de ohun tí kò bá wọ̀n," ló wí. "Bí mo bá fẹ́ bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó fẹ́ wọ̀n ọ́n. Ó ń jẹ́wọ́ nítorí pé ó fẹ́ràn Irfan. Tí ẹ bá gbé e lọ Òṣogbo lọ́la, èmi nìkan ni màá bí ọmọ yìí, kò sì ní í rí mẹkáníìkì kankan tó máa gbà á síṣẹ́ mọ́ láyé, tó bá tilẹ̀ jáde."

Rùkàyyàt rìn dé ojú fèrèsé, ó rìn padà. Lẹ́yìn náà ló ní kí Sájẹ́ǹtì Olújídé mú Matthias jáde wá nínú sẹ́ẹ̀lì.

"Matthias, gbé Irfan sílẹ̀ ná," ló wí fún un. "Sọ fún mi bí o ṣe yan pọ́ǹpù yẹn."

Ojú ọkùnrin náà là díẹ̀, bíi ti ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó mọ̀.

"Oríṣi mẹ́ta ló wà nílẹ̀, mà. Ọ̀kan jẹ́ kékeré tó ń dún kó-kó-kó, ti kábúrétọ̀ ni. Ó ń gbé epo lọ o, ṣùgbọ́n agbára tí ìńjẹ́kítọ̀ ń fẹ́ kò sí lára rẹ̀. Ti Alhaji tóbi jù. Ẹ́ńjìnnì kò lè mu gbogbo epo tó ń gbé wá. Ìyókù á padà sí táńkì, á tún jáde, á tún padà, títí epo yóò fi gbóná tí yóò máa hó, afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì á sì máa mu. Ìkẹta ni mo yàn. Mo dè é mọ́ gééjì, mo ní kó máa da epo sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo wá fún páìpù rẹ̀ lọ́rùn díẹ̀díẹ̀ títí agbára epo fi dé ibi tí mọ́tò yóò ti máa sá eré àsápajúdé. Ó gbé e. Ó tó, ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀. Ìyẹn ni mo rí tí mo fi ní kò kéré."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ Irfan lọ́wọ́ ní kọ́nà. Tó bá kú lórí eré, sitiárì á le, bíréèkì á le. Mo kàn mọ̀ pé epo ni kò dé."

Rùkàyyàt tú àpò ọ̀rá náà, ó gbé pọ́ǹpù sórí tábìlì. Matthias mú un, ó fi àtàǹpàkò nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yí i, ó tún un yí. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Mà, èyí kọ́."

"Èyí kọ́ bíi báwo?"

"Èyí ni tokunbọ̀ irú ìkẹta yẹn tí mo kọ́kọ́ wọ̀n. Tó bá ti gbóná ni gééjì rẹ̀ ń já wálẹ̀, mo bá jù ú sórí àkìtàn irin lẹ́yìn ọgbà. Ojú òun àti tuntun jọra bí ìbejì. Ọ̀dọ̀ Wúràọlá ni mo ti ra tuntun."

Láti ẹnu ọ̀nà ni DPO ti rẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ kó sọ? Òun náà lè jẹ́ ẹni tó de tokunbọ̀, kó lọ ta tuntun."

Rùkàyyàt mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó bi Matthias léèrè ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ọgbà. Alhaji ni, Salahudeen ni, òun Matthias sì ni. Lánàá Ọjọ́rú, kété lẹ́yìn ọ̀sán, ó gbé Joanna lọ fún àyẹ̀wò oyún ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láàárọ̀ yìí, òpin ọ̀nà ni ó gbà lọ tààrà láti dúró de mọ́tò. Irfan àti Salahudeen ni wọ́n ṣí i nínú ọgbà tí wọ́n wà á wá.

"Nígbà tí ìwọ bá ń de irú rẹ̀, báwo lo ṣe ń ṣe é?"

"Pọ́ǹpù yìí mọ títì, mà, kò mọ fífà. Táńkì mọ́tò yìí sì wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ti de ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu ni mo fi ń fa epo láti táńkì títí yóò fi kún un, màá tutọ́ èyí tó wọ̀ mí lẹ́nu dànù, màá wá de iwájú."

"Lọ́fíńdà tó ń fi sùn nìyẹn, mà," Joanna wí láti ẹ̀yìn. "Mo ti gba kámú."

"Ṣé kò sí rọ́bà tí wọ́n fi ń fà á ni?"

"Ó wà, ó ti ya. Gbogbo wa ní ọgbà yẹn, ẹnu la fi ń fà á. Ó yá jù."

Ṣọ́ọ̀bù Wúràọlá wà lójú ọ̀nà Ìwó, wáyà àti ṣáfútì àti fíltà sì so rọ̀ síbẹ̀ débi pé ẹni tó bá ga gbọ́dọ̀ tẹ orí ba. Obìnrin náà kò tíì gbọ́ ẹjọ́ tán tó ti na ọwọ́ sí pọ́ǹpù. Èékánná rẹ̀ pupa fòò.

"Kò sí kútẹ́ẹ̀sì lára rẹ̀," ló wí. "Kì í ṣe ọjà mi. Gbogbo ohun tí mo bá tà ni mo ń fi kútẹ́ẹ̀sì yìí tọ́ nídìí. Àwọn mẹkáníìkì wa yìí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n á ra tuntun lọ lónìí, tó bá dọ̀la wọ́n á gbé òkú tẹlòmíràn wá bá mi pé ó ti bàjẹ́. Matthias ni mo fojú ara mi rí tó dúró tí mo fi tọ́ tirẹ̀."

"Ṣé ẹ lè ṣí inú rẹ̀?"

Wúràọlá gbé e sẹ́nu fáìsì tó fi ń di irin mú, ó fi ayùn ré etí rẹ̀, ó tú ìfun rẹ̀ jáde sórí àkísà. Ó fi ìka kan kan án.

"Wọ́n ti jó o," ló wí. "Ẹ wo bó ti dúdú. Epo tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń mú un tutù, òun náà ló ń mú un yọ̀. Ẹni tó de èyí kò fa epo sí i kí ó tó ṣí i. Ó fi sílẹ̀ kó máa yí ní gbígbẹ, bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Lẹ́yìn ìyẹn ó lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò ní í pẹ́ tó máa gan."

"Ṣé Matthias lè gbàgbé láti fà á?"

Wúràọlá rẹ́rìn-ín. "Èyí tó jẹ́ pé epo tó ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu ju omi lọ? Ó ti mọ́ ọn lára, kò lè gbàgbé."

Rùkàyyàt padà sínú ọkọ̀, kò sì ní ìsinmi. Ó mọ̀ nísinsìnyí pé kì í ṣe Matthias. Ṣùgbọ́n kí ló ní lọ́wọ́? Ẹ̀rín obìnrin kan àti kútẹ́ẹ̀sì. DPO kò ní fi ìyẹn tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Oòrùn ti yẹ̀ lórí, àárọ̀ ọ̀la sì ń bọ̀.

Ó bá Alhaji Mùtàlíbù lábẹ́ òjìji ilé rẹ̀, ife omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá náà rí i pé ó wo ife.

"Ìtọ̀ súgà," ló wí. "Dókítà ní kí n má ṣe gbààwẹ̀ mọ́. Mo ń fi oúnjẹ bọ́ àwọn aláìní dípò rẹ̀. Ó ń dùn mí, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin náà ní kọ́kọ́rọ́ ọgbà, bàbá."

"Mo ní in. Ṣùgbọ́n ìdí tó ń ro mí yìí, bí mo bá wọ abẹ́ mọ́tò, ẹ̀yin ọlọ́pàá ló máa wá fà mí jáde." Ó mú fóònù rẹ̀. "Wo ohun tí ọmọ náà fi ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó gbéra."

Fídíò ni. Irfan jókòó sídìí sitiárì, ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Ó ṣí mọ́tò. Láti ẹ̀yìn ni igbe kan ti bẹ̀rẹ̀, igbe tín-ín-rín tó ń gun etí, tí kò sì dáwọ́ dúró. "Tọ́ńtọ́n, kò fẹ́ gbé o," Irfan wí. Ohùn Salahudeen dáhùn láti ìta: "Tún un ṣí. Jẹ́ kó ké díẹ̀, á gbé e." Ó tún un ṣí, ó tún ké pẹ́, kí ẹ́ńjìnnì tó gbé e. Irfan pàtẹ́wọ́.

Rùkàyyàt wo fídíò náà títí Alhaji fi na ọwọ́ gba fóònù rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ gba mọ́tò lọ́wọ́ Salahudeen, bàbá?"

"Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo pè é sí kọ̀rọ̀, mo sọ ọ́ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó ní kò burú, ó ní ọmọ òun náà ni Irfan."

Rùkàyyàt bá Salahudeen lórí àtẹ̀gùn mọ́sáláṣí, níbi tó ti ń fa tẹ̀súbà jẹ́jẹ́. Ó ti pààrọ̀ ẹ̀wù.

"Lánàá lẹ́yìn ọ̀sán, níbo lẹ wà, bàbá?"

"Ibí yìí. Mo ń ka Àlùkùránì títí mo fi pe ìrun Alásàárì. Ẹ bi ẹnikẹ́ni." Kò gbé ojú sókè. "Oṣù ààwẹ̀ ni, Insípẹ́kítọ̀. Ibo lẹ tún fẹ́ kí irú mi wà? Láti ìgbà èwe mi, ààwẹ̀ kan ò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Mo gbààwẹ̀ lórí eré ìje nínú ooru Abíjàn. Àwọn Faransé ń da omi sórí, èmi ò fi tọ́ ètè."

"Wọ́n ní mọ́tò náà ké kó tó gbé e láàárọ̀ yìí."

"Pọ́ǹpù tó kéré, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Igbe náà ni yóò máa ké."

Kò sí ibi tí ó ti lè di ìdáhùn yẹn mú. Ó dúpẹ́, ó lọ. Fóònù rẹ̀ dún lójú ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì Olújídé ni, láti ilé ìwòsàn. Irfan ti jí, kò ní í kú. Ohun tó tún sọ tẹ̀ lé e mú kí Rùkàyyàt dá ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó sì jókòó fún ìgbà díẹ̀. DPO pè tẹ̀ lé e, ó ní òun ti fọwọ́ sí ìwé Òṣogbo.

Ó dé ẹ̀yìn àgọ́, ó bu omi sínú kẹ́tù láti ṣe àlùwàlá kó tó kírun Alásàárì. Ó wẹ ọwọ́. Ó bu omi sẹ́nu láti yọ ẹnu, díẹ̀ bí ẹni ń jí i mu, nítorí ààwẹ̀, kí omi má baà sálọ sí ọ̀fun. Ó fẹ́ tu ú dànù ni ó wá dúró, tòun ti omi lẹ́nu, tó ń wo ògiri bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.

Omi lásán rèé, tí ẹ̀sìn fọwọ́ sí, ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Epo ńkọ́?

Ó tu omi náà. Ó parí àlùwàlá, ó kírun rẹ̀ pé, nítorí kì í ṣe obìnrin tí í kánjú nídìí ìrun. Lẹ́yìn náà ló pe Olújídé pé kó mú Matthias àti Joanna wá sí ọgbà mẹkáníìkì, kó sì bẹ DPO kó tẹ̀ lé wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n pé. Àwọn mẹkáníìkì tó yí ká ti tẹ́ ẹní síwájú mọ́sáláṣí, wọ́n ti gbé ògì àti àkàrà àti dàbínù kalẹ̀, wọ́n ń dúró de ìrun Mọ̀gàríbì láti ṣínu. Alhaji jókòó lórí àga. Salahudeen dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí Matthias pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀.

Rùkàyyàt gbé pọ́ǹpù náà sórí táyà kan láàárín wọn.

"Mi ò ní pẹ́, oòrùn ti fẹ́ wọ̀," ló wí. "Pọ́ǹpù yìí kọ́ ni Matthias yàn. Ẹnìkan wọ inú ọgbà yìí lánàá nígbà tí Matthias wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó yọ tuntun, ó de òkú dípò rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ mọ̀ pé pọ́ǹpù yìí kò mọ fífà. Ẹnu lẹ fi ń fa epo sí i níbí. Àbí mo parọ́?"

"Ẹ ò parọ́," ni wọ́n wí.

"Ó dáa." Ó yíjú sí Salahudeen. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ dè é. Ọ̀sán gangan lẹ dè é, nínú oṣù ààwẹ̀, ẹ sì fi ẹnu fa epo, epo kò sì lè ṣe kó má kan ọ̀fun. Ààwẹ̀ yín ti bàjẹ́ láti ọ̀sán àná. Ẹ wá dìde lórí ààwẹ̀ tó ti bàjẹ́, ẹ lọ pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí wá kírun. Gbogbo ìgbéraga tẹ́ ẹ fi ààwẹ̀ ṣe fún mi lónìí, irọ́ ni."

Ojú Salahudeen yí padà. Ó dà bíi pé wọ́n bọ́ ọ ní ìhòòhò láàárín ọjà.

"Ọmọbìnrin yìí, má fi ààwẹ̀ mi ṣeré," ló wí, ohùn rẹ̀ gòkè. "Má dán an wò. Olúwa rí mi. Epo kankan ò kan ẹnu mi lánàá. Gbígbẹ ni mo dè é."

Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti gbọ́ ọ.

Rùkàyyàt rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo mọ̀, bàbá. Mo mọ̀ pé gbígbẹ ni. Ẹ foríjì mí, mi ò rí ọ̀nà mìíràn." Ó yíjú sí DPO. "Sà, kútẹ́ẹ̀sì Wúràọlá ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Matthias náà lè pààrọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Inú pọ́ǹpù tó jó ló gbà á sílẹ̀. Bí Matthias bá fẹ́ ṣe ibi, yóò ṣe é pẹ̀lú ẹnu tó kún fún epo, torí pé Kìrìsìtẹ́nì ni, kò gbààwẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lára. Alhaji kò gbààwẹ̀, kò sì lè wọ abẹ́ mọ́tò. Ẹnìkan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́, tó mọ iṣẹ́ náà, tó sì ní ìdí tí kò fi ní í fẹnu kan epo kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni náà ló sì ń sọ fún Irfan nínú fídíò pé kó jẹ́ kó ké. Ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀."

Ó tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Matthias fúnra rẹ̀. Joanna jókòó lórí ilẹ̀ wẹ́rẹ́ níbi tó dúró sí, ìgbà yẹn ni ẹkún rẹ̀ wá dé.

"Salahudeen," Alhaji wí. "Èmi àti ìwọ, Salahudeen."

"Abẹ́ ibùsùn mi ni tuntun wà, mo fi àpò ìrẹsì wé e," Salahudeen wí. Alhaji nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. "Mi ò lè sọ ọ́ nù. Pọ́ǹpù tó dáa ni. Mo kàn fẹ́ kí mọ́tò má lè sáré lójú gbogbo èèyàn, kẹ́ ẹ rí i pé ọmọ yìí ò mọ̀ ọ́n yàn, pé ọmọ yẹn ò mọ̀ ọ́n wà, kẹ́ ẹ ní, Salahudeen, bọ́ sídìí ẹ̀. Ìyẹn nìkan. Mi ò fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú ní kọ́nà. Ẹ̀yin ẹ sọ ọ́ fún mi jẹ́jẹ́ pé ojú mi ti lọ. Ẹ ò bá ti bú mi, ó sàn."

Alhaji fi ọwọ́ bo ojú.

Oòrùn wọ̀. Wọ́n ń retí kí ẹnìkan pe ìrun, nítorí ẹni tó máa ń pè é ni àwọn ọlọ́pàá dì mú yìí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí mẹkáníìkì kan tó dìde pè é. Rùkàyyàt jẹ dàbínù kan, ó mu omi. Ó mú òmíràn, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ Salahudeen.

"Irfan ńkọ́?" Salahudeen bi í.

"Ó ti jí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé ṣé wọ́n ti sọ fún Tọ́ńtọ́n pé òun kò kú, kí Tọ́ńtọ́n má baà dààmú. Wọ́n máa gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lọ́la. Èyí tó fi ń tẹná."

Salahudeen wo dàbínù náà. Ó wá yíjú sí Matthias, ẹni tí kò tíì wò láti àárọ̀.

"Tí mo bá fa epo yẹn ńkọ́?" ló wí. "Ọ̀gá mẹkáníìkì, má tàn mí. Tí mo bá fà á kí n tó dè é, ṣé mọ́tò ì bá kú ní kọ́nà?"

Matthias ń fi ọwọ́ pa ibi tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti há a lọ́wọ́. Nígbà tó dáhùn, ilẹ̀ ló ń wò.

"Rárá, Bàbá. Kì bá jó. Kò kàn ní í lè sáré ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti fẹ́. Irfan á ti rọra wà á padà wálé. Ẹ̀kún ẹnu kan ló kù."

"Ààwẹ̀ ọjọ́ kan," Rùkàyyàt wí. "Ẹ ò bá san án padà lẹ́yìn Ìtúnu."

Wọ́n mú un lọ sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n dé àgọ́ tí Olújídé ní kó tú àpò rẹ̀, dàbínù náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jẹ ẹ́.